Kí lúkúlúkú tó dé: àrokò tó wà nínú ara adìẹ



Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, arákùnrin kan nínú jámáà wa wọ ilé oògùn wa ní Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù. Ogún adìẹ ló ń sìn sí ẹ̀yìnkùlé de ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀. Mẹ́ta ti kú mọ́jú, mẹ́fà ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀, ọrùn òmíràn ti lọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí a ta káàdì tetracycline méjì fún òun, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, kí òun tú u sínú omi tí wọ́n ń mu. A kò tà á fún un. Inú bí i. Ó ní, "Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo wọn kú tán ni?" Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, adìẹ méjì ló ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. A ti dá a lóhùn bí apòògùn, ṣùgbọ́n a kò jókòó ṣàlàyé fún un bí ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a lọ ṣe ètò ìlera ní mọ́sálásí kan ní ìlú Oǹdó, àwọn ìyá wa tó jókòó níwájú bi wá ní ìbéèrè tó fẹ́ jọ tirẹ̀: kí ló dé tí oògùn kì í ran lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹranko sì ń ní kí a fún adìẹ tí ara rẹ̀ le koko ní àjẹsára? Ìdáhùn tí a fún wọn nìyí. A kàn fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i ni.

Lúkúlúkú ni àwọn baba wa ń pe àìsàn yòówù tó bá ń kó adìẹ lọ bẹẹrẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ni èyí tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle. Orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, níbi tí wọ́n ti dá a mọ̀ ní ọdún 1926. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí i ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láàrin ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953. Ẹ kíyè sí àsìkò yẹn: ọyẹ́ ni.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Tetracycline, ampiclox àti gbogbo oògùn tó ń pa bakitéríà kò ní ohun kan tí wọ́n lè fi fáírọ́ọ̀sì ṣe. Bakitéríà ní ara tirẹ̀, ó ní ògiri, ó ní ilé ìdáná tó ti ń se oúnjẹ rẹ̀; ibẹ̀ ni oògùn ti ń gbá a mú. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ilé ìdáná kankan. Inú sẹ́ẹ̀lì adìẹ ló ń wọ̀, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí Ọlọ́hun fi kọ́ ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, tí ojú lásán kò lè rí. Ìkòkò onílé ni fáírọ́ọ̀sì fi ń dáná níbẹ̀. Bí ẹ bá wá oògùn tí yóò fọ́ ìkòkò náà, ti adìẹ ni ẹ fọ́.

Ta ni yóò wá lé olè tó ti wọ yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Ọlọ́hun Ọba ti ṣètò èyí kí ẹnikẹ́ni tó dá ilé oògùn sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara adìẹ ló ń pàtẹ. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń pàtẹ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń bù díẹ̀ nínú ẹrù tó wà nílé síta kí ẹni tó ń kọjá lè rí ohun tí wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń gé èérún lára ohun tó wà nínú rẹ̀, tí ó ń gbé e sórí àtẹ kékeré tó wà ní ìta ara rẹ̀. Àwọn sójà ara ń kọjá, wọ́n ń yẹ àtẹ kọ̀ọ̀kan wò. Bí èérún tó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ti ara, wọn a bá tiwọn lọ. Bí ó bá jẹ́ èérún fáírọ́ọ̀sì, wọ́n ti mọ̀ pé olè wà nínú yàrá náà nìyẹn. Wọn a pa yàrá run pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Oríṣi àtẹ méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé hàn. Ti kejì wà lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí a lè pè ní agbálẹ̀. Wọ́n ń gbé ọ̀tá tí wọ́n bá pàdé níta mì, wọ́n sì ń gbé èérún rẹ̀ lọ han àwọn olórí sójà, kí àwọn yẹn lè pàṣẹ kí a rọ ohun ìjà tó bá ọ̀tá náà mu. Ohun ìjà yẹn ni antibody.

Ìlànà bí a ṣe ń kan àtẹ wọ̀nyí wà nínú jíìnì. Ẹ fi jíìnì wé ìwé tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣí kí ó tó lè ṣe ohunkóhun. Ní ọjọ́ tí ara dá, ìwé àtẹ kì í ṣí tán. Sẹ́ẹ̀lì ń pàtẹ, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ni, nítorí pé àtẹ kíkàn ń gba agbára, àti pé sójà tí a ń pè síta lójoojúmọ́ láìsí ogun lè yíjú sí àwọn ará ilé. Kí ni yóò wá sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ọjọ́ ti burú, kí ó ṣí ìwé gbayawu, kí ó gbé àtẹ púpọ̀ síta?

Àwọn àgbà inú wa mọ àrokò. Kí ìwé kíkọ tó dé, ọba kan lè ránṣẹ́ sí ọba kejì láìsọ ọ̀rọ̀ kan: owó ẹyọ tí a so pọ̀ lọ́nà kan, tàbí ìyẹ́ tí a dì mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó gbà á mọ ohun tí wọ́n ń wí, ó sì mọ ohun tó kàn láti ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tí olè wọ inú rẹ̀ ń ṣe ohun tó jọ èyí. Òun fúnra rẹ̀ lè máà yè é, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ń da ohun kékeré kan síta tó ń lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀. Interferon ni orúkọ àrokò náà.

Ẹyin adìẹ gan-an ni wọ́n fi rí i. Ní ọdún 1957, ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ́nù, Alick Isaacs ọmọ ilẹ̀ Scotland àti Jean Lindenmann ọmọ ilẹ̀ Switzerland mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹyin tó ní ọmọ, wọ́n sì gbé fáírọ́ọ̀sì influenza tí wọ́n ti fi ooru pa sí i lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ààyè fáírọ́ọ̀sì sí i. Kò ráyè gbilẹ̀. Wọ́n wá mú omi tí awọ náà wà nínú rẹ̀, wọ́n dà á sí ara awọ tuntun tí kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan rí, awọ tuntun náà sì lé fáírọ́ọ̀sì padà. Ohun kan wà nínú omi yẹn tí awọ àkọ́kọ́ fi ń kìlọ̀. Lónìí interferon wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn kan tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, owó rẹ̀ kò sì ṣe é gbọ́ sétí. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé ń ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Subhānallāh.

Oríṣi interferon pọ̀. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàìsàn ń dà síta ń sọ fún aládùúgbò pé kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì fi kún àtẹ oríṣi àkọ́kọ́. Òmíràn wà tó ń jẹ́ interferon gamma. Ọwọ́ àwọn sójà ló ti ń wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ọ̀tá, òun ló sì ń bá àwọn agbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ti da interferon gamma ti adìẹ sórí sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ adìẹ nínú àwo, wọ́n sì rí i pé àtẹ oríṣi kejì pọ̀ sí i lára wọn.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é rèé. Àrokò náà kì í wọ ilé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, tí ó ń kan ilẹ̀kùn kan tí a ṣe fún òun nìkan. Ìránṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tó ń jẹ́ STAT1. Ó gba iṣẹ́, ó sáré wọ inú yàrá tí ìwé wà, ó jí akọ̀wé méjì, IRF1 àti CIITA. IRF1 ń bá wọn ṣí ìwé àtẹ àkọ́kọ́, CIITA ń ṣí ti èkejì. Bí akọ̀wé kò bá jí, ìwé lè wà lórí pẹpẹ kí ó má ṣí láéláé. Bí ìwé bá ṣí tán, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ń gé èérún, àwọn tó ń gbé èérún lọ síbi tí àtẹ wà, gbogbo wọn ń pọ̀ sí i pa pọ̀. Àrokò mìíràn sì tún wà tó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Interleukin-10 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ogun bá ń rọlẹ̀, òun ló ń ní kí àwọn agbálẹ̀ kó àtẹ wọlé, kí sójà má baà sun ilé pọ̀ mọ́ olè.

Gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Àrokò ń dé láàrin wákàtí. Ṣùgbọ́n kí olórí sójà tó rí èérún, kí ó tó dá a mọ̀, kí àwọn sójà tó bá a mu tó pọ̀, kí antibody tó kún inú ẹ̀jẹ̀, ó ń tó ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Fáírọ́ọ̀sì Newcastle tó bá le kì í fún adìẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó lè pa á láàrin ọjọ́ mélòó kan péré.

Ó sì tún ní ọgbọ́n àrékérekè kan. Bí ó bá ti wọlé, ó ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní V, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa STAT1 run, ìránṣẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn. Àrokò dé, ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Ìwé kò ṣí, àtẹ kò pọ̀, sójà sì ń kọjá lọ lójúde olè. Àánú Ọlọ́hun ni pé V yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ó wà lára ìdí tí Newcastle kì í fi ṣe ẹni tó ń tọ́jú adìẹ ju kí ojú rẹ̀ pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin wa dé ilé oògùn, ogun ti parí nínú ara àwọn adìẹ yẹn. Ohun tí àjẹsára ń ṣe ni pé ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì tí kò lágbára wọ inú ara nígbà tí àyè ṣì wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ń da àrokò síta, ìwé ń ṣí, àtẹ ń kún, olórí sójà ń rí èérún dáadáa, ó sì ń fi díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pamọ́ tí kò ní gbàgbé ojú olè. Bí fáírọ́ọ̀sì gidi bá wá dé ní oṣù kejì, kò ní bá wọn lójú oorun. Bí ẹ bá fún agbo adìẹ ní àjẹsára ní ọjọ́ tí àìsàn ti wọ inú wọn, ṣe ni ẹ ń kọ́ sójà lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ìlú ti ń jó.

Ìyá Àdínnì bi wá ní Oǹdó pé kí ló dé tí lúkúlúkú fi ń gbá adìẹ òyìnbó lọ pátápátá, tí ó sì máa ń ṣẹ́ ọ̀kan tàbí méjì kù nínú adìẹ ìbílẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ìdáhùn rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ wà lára rẹ̀. Ènìyàn ń jogún àtẹ àkọ́kọ́ mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ bàbá, mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí èérún fáírọ́ọ̀sì kan kò bá jókòó dáadáa lórí ọ̀kan, ó lè jókòó lórí òmíràn. Ti adìẹ yàtọ̀. Ní ọdún 1999, Jim Kaufman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìwé àtẹ adìẹ kúrú púpọ̀ sí tiwa. Láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́ gidi nínú àwọn àtẹ àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá bá èérún ọ̀tá mu, adìẹ yè. Bí kò bá mu, kò sí èyí tí yóò dúró dè é. Àrùn Marek, tó ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀ tó sì ń yọ kókó sínú ara rẹ̀, ló fi èyí hàn jù: àwọn adìẹ tó ní irú ìwé tí wọ́n ń pè ní B21 ń dúró, àwọn tó ní B19 ń kú. Adìẹ òyìnbó tí ẹ rà lójúmọ́ kan láti ibi kan náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ohun tó pa ọ̀kan ló ń pa ìyókù. Ti ìbílẹ̀, ilé tí oníkálukú ti wá kì í ṣe ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ náà sún mọ́ èyí, ó sì kan ìlera ẹ̀yin fúnra yín. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2006, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí ọ̀fìnkìn adìẹ tí a ń pè ní H5N1, ní oko kan ní Jájí ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, ó pa ọ̀dọ́bìnrin kan ní Èkó. Òun yàtọ̀ sí Newcastle, ó lè pa ènìyàn. Pẹ́pẹ́yẹ ní aago kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ń jẹ́ RIG-I. Bí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn bá wọlé, aago náà ń dún, interferon sì ń jáde kíá. Adìẹ kò ní aago yẹn. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ lè gbé ọ̀fìnkìn kiri láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn, tí adìẹ tó bá a mu omi sì ń ṣubú lulẹ̀. Ẹ má ṣe sin àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ilé kan. Ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin adìẹ tí Newcastle pa àti èyí tí H5N1 pa. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí ẹ tó gbé òkú adìẹ yòówù, ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn tó jìnnà sí kànga, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí a ń jù sínú gọ́tà ní òru, omi òjò ń gbé e dé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni. Bí ó bá ń kú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba kí ẹ tó pe ẹni tí yóò rà á. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń ra òkú adìẹ ní ẹ̀dínwó tí wọ́n ń dín in tà. Òkú ńbete ni, ìdájọ́ rẹ̀ sì wà nínú Sūratul Mā'idah, a kò ní fi tiwa kún un.

Nípa tetracycline náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ tán. Àkókò wà tí dókítà ẹranko yóò ní kí ẹ fún adìẹ ní oògùn bakitéríà, a ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ dédé tú sínú omi wọn lónìí lè wà nínú ẹyin tí ẹ ó sè fún ọmọ lọ́la, ó sì ń kọ́ bakitéríà bí wọn ó ṣe máa fi oògùn náà ṣẹ̀sín lọ́jọ́ tí ọmọ bá nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó jẹ ẹran tàbí ẹyin adìẹ tó lo oògùn wà lára páálí oògùn ẹranko. Kò sí lára páálí tiwa, nítorí ènìyàn ni a ṣe é fún.

Àjẹsára Newcastle wà, a sì ń ṣe é nílé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe oríṣi mélòó kan. La Sota ni ọ̀pọ̀ mọ̀, èyí tí a ń pò mọ́ omi mímu. Omi kànga tó mọ́ ni kí ẹ lò fún un. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì ń pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tí ẹ fi Izal fọ̀. Ẹ gba omi lọ́wọ́ àwọn adìẹ fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu ún tán láàrin wákàtí méjì. Oríṣi kejì ni I-2, tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Ọsirélíà nítorí adìẹ abúlé. Ẹ̀kán kan sínú ojú ni, a sì ń tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó ń fara da ooru ju La Sota lọ, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé kí a máa tà á nínú oòrùn. A ti rí àjẹsára lórí tábìlì ní ọjà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn eku, ní ọ̀sán gangan. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ti kú, adìẹ tó bá gbà á kò gba nǹkan kan. Ẹ ra èyí tó wà nínú fìríìjì, kí ẹ gbé e délé nínú kúlà oníyìnyín.

Ohun tó ń dí àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ní Oǹdó kì í ṣe àìgbọ́n. Ìgò kan ń tó adìẹ púpọ̀ ju èyí tí ilé kan ní lọ, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣe é fi pamọ́ di ọ̀la. Ìyá tó ní adìẹ mẹ́jọ kò lè máa ra odidi ìgò. Wọ́n wá dá a láàrin ara wọn pé kí ilé mẹ́sàn-án tó wà ní àyíká mọ́sálásí da owó jọ, kí wọ́n yan òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú ti adìẹ rẹ̀ mọ́lé láti alẹ́ kí ó má baà sí pé a ń lé wọn kiri. Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa di adìẹ mú, dókítà ẹranko yóò máa kán an sí wọn lójú. Arákùnrin wa ti Àkúrẹ́ gbọ́, ó sì ti ní kí a kọ orúkọ òun mọ́ tiwọn, adìẹ méjì tó ṣẹ́kù àti mẹ́wàá tó fẹ́ rà. A ní kí ó kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí ilé adìẹ náà dànù, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi ẹfun kùn ún kí ó tó kó ẹyọ kan wọlé.